Splash Mountain di ilé Tiana: ṣé ó yẹ kí ìtàn Ehoro bá fíìmù náà lọ?

Ìyá Bọ́lá, Georgia

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ páàkì ni mo gbé wá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ páàkì kò bá dùn mọ́ nínú, kó fò ó, kó má wá bi mí pé ṣé n kò níṣẹ́ ni. Mo níṣẹ́. Alẹ́ ni mò ń ṣe é, ilẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ yìí tí oorun kọ̀ tí kò kùn mí.

Ẹ mọ̀ pé Splash Mountain, ráìdì ìtì igi orí omi ní páàkì Disney, kò sí mọ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti èyí tó wà ní Magic Kingdom ní Orlando pa ní oṣù kìíní ọdún 2023, ti Disneyland ní California sì tẹ̀lé e ní òpin oṣù karùn-ún ọdún náà. Tiana's Bayou Adventure, ráìdì Tiana, ọmọọba inú fíìmù Disney kan, ló gba ipò rẹ̀: Orlando ṣí tiwọn ní oṣù kẹfà 2024, California ní oṣù kọkànlá. Láti oṣù kẹfà 2020 ni wọ́n ti kéde ẹ̀, àsìkò tí ikú George Floyd, ọkùnrin dúdú tí ọlọ́pàá pa, kó gbogbo Amẹ́ríkà jáde sí títì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Disney ní àwọn ti ń ṣe é bọ̀ láti ọdún tó ṣáájú.

Ìbéèrè mi rèé. Fíìmù tí wọ́n torí ẹ̀ palẹ̀ Splash mọ́, ó yẹ kó lọ. Ṣé ó wá yẹ kí ìtàn Ehoro tí ráìdì náà ń pa bá a lọ?

Song of the South lorúkọ fíìmù náà, 1946 ni wọ́n gbé e jáde. Ó fi oko òyìnbó hàn bí ibi tí èèyàn dúdú ti ń rẹ́rìn-ín kiri, tí wọ́n ń kọrin lọ sẹ́nu iṣẹ́, bí ẹni pé pàṣán kò bà wọ́n rí. Ẹgbẹ́ NAACP, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ èèyàn dúdú, ta kò ó nígbà náà gan-an. James Baskett, tó ṣe bàbá apàlọ́ nínú ẹ̀, kò lè bá wọn dé ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi í hàn ní Atlanta, torí òfin tó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Ní 1948 ni wọ́n wá fún un ní Oscar ọlọ́lá. Disney fúnra wọn kò ta fíìmù náà ní fídíò ní Amẹ́ríkà títí dòní. Ojú ń tì wọ́n, ó sì yẹ kó tì wọ́n. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Àlọ́ inú ẹ̀ ńkọ́? Nígbà ogun abẹ́lé wọn, ọmọ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Joel Chandler Harris ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní oko kan tí wọ́n ń pè ní Turnwold, nítòsí Eatonton, níhìn-ín ní Georgia. Nínú ahéré àwọn ẹrú oko náà ló ti ń gbọ́ àlọ́. Ó dàgbà, ó di oníwèé ìròyìn ní Atlanta, ó kó àwọn àlọ́ náà sínú ìwé ní 1880. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó fi ọ̀dà ṣe ọmọlangidi, tó gbé e sẹ́bàá ọ̀nà. Ehoro ń kọjá, ó kí i, kò dáhùn. Inú bí Ehoro, ó gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ọwọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ kejì gbá a, ìyẹn náà lẹ̀. Ó tún fi ẹsẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kejì, ó fi orí kàn án.

Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ìjàpá ni wọ́n fi pa á fún èmi: olóko kan gbẹ́ ère, ó fi àtè rà á lára, ó gbé e sí oko nítorí olè tó ń hú iṣu ẹ̀. Ìyá ìyá mi ló pa á fún wa ní Ìkirè, ẹni tí kò mọ̀ pé ibì kan ń jẹ́ Georgia. N kò ní kí ẹ pè é ní ti Yorùbá nìkan o. Ẹ̀yà tó ní tirẹ̀ ní Áfíríkà pọ̀, ọkọ̀ ojú omi kan náà ló sì kó wọn pọ̀ wá. Àwọn tí wọ́n gba ohun gbogbo lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n gba orúkọ pàápàá, àwọn ló gbé àlọ́ yẹn dé ìhín lẹ́nu. Òyìnbó kan kọ ọ́ sílẹ̀, òmíràn fi ṣe fíìmù, ẹlòmíràn tún fi ṣe ráìdì. Ìgbà tí ìtìjú fíìmù dé, àlọ́ ni wọ́n gbé sọnù.

Ráìdì yẹn sì mọ ohun tó ń ṣe! Ẹ rántí bó ṣe ń parí. Wọ́n ti mú Ehoro, wọ́n ti dì í, ó wá ń bẹ̀bẹ̀: ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi mí ṣe, ẹ ṣáà má jù mí sínú igbó ẹlẹ́gùn-ún. Ìtì igi tí ẹ jókòó sínú ẹ̀ á máa gun òkè nínú òkùnkùn, igún méjì á wà lókè tí wọ́n á máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà, gbìì, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50, sínú ẹ̀gún. Ìwọ tí o ra tíkẹ́ẹ̀tì ni Ehoro. Wọ́n jù ọ́ síbi tí wọ́n rò pé wàá kú sí, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì bí ọ sí. Páàkì wo lẹ tún ti rí ìjábọ́ tó nídìí báyẹn?

Ní ti Tiana, à ń já bọ́ nítorí pé a fẹ́ tètè dé òde àríyá.

Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ má bú mi.

Adùnní, Kissimmee

Àǹtí, ẹ kúuṣẹ́ àná mà. Mo kà á tán, mo tún un kà. Ó dùn, àmọ́ n kò gbà.

Ẹ̀yin lẹ ti mọ Ìjàpá kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé àlọ́ wọnú ìtì igi yẹn, Disney kọ́ ló fún yín. Láti ibi tí a ti ń tò títí dé ibi tí wọ́n ti ń ta fọ́tò, èmi kò rí ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹrú ló ni ìtàn yìí. Èèyàn dúdú kan ṣoṣo kò sí nínú gbogbo ráìdì náà. Ẹranko ni gbogbo wọn. Ọmọlangidi ọ̀dà tí ẹ fi gbogbo ọ̀rọ̀ yín tì, kò sí níbẹ̀ náà! Wọ́n ti yọ ọ́ kí wọ́n tó ṣí ti California ní 1989, oyin ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Oyin ni Ehoro kó sí. Àlọ́ tí ẹ ní wọ́n gbé sọnù lánàá, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yọ ọkàn ẹ̀.

Ẹni tí kò gbọ́ àlọ́ rí, kí ló rí níbẹ̀? Ehoro aláwàdà kan, omi tó tú sí i lára, ó tán. Ìdí abájọ tó fi dun àwọn òyìnbó ibí yìí pé ó lọ nìyẹn, kì í ṣe nítorí Turnwold. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹkún tiwọn pa yín lẹ́kún.

Tiana wá ńkọ́? 2009 ni fíìmù tiẹ̀ jáde, òun ni ọmọọba dúdú àkọ́kọ́ tí Disney ṣe. Iṣẹ́ oúnjẹ ló ń ṣe. Kì í ṣe ọkọ ló ń wá, ilé oúnjẹ ló ń fowó pamọ́ fún. Lára ẹni tí wọ́n wò tí wọ́n fi dá a ni Leah Chase, ìyá tó ń dáná ní Dooky Chase's ní New Orleans. Òkè ilé oúnjẹ yẹn ni àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ dúdú àti funfun ti ń ṣèpàdé ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí òfin kò fẹ́ kí wọ́n jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ìyá náà gbé ọdún 96 láyé, 2019 ló kú. Nínú ráìdì, Tiana ti dá iléeṣẹ́ oúnjẹ sílẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ní iyọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló jọ ni ín bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àǹtí, ṣé ẹ ò gbádùn ìyẹn ni? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú páàkì Disney!

Ọmọ mi obìnrin kò béèrè ìdí tí a fi já bọ́. Ó gbóòórùn bẹ́nyẹ́ níbi tí a ti ń tò, ó ní Mọ́mì, ta ló ń dín puff-puff?

Bàbá Ṣadé, Apápá

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ jókòó síbẹ̀ kí ẹ máa jà lórí ehoro onírọ́bà. Ẹ fi owó tíkẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ sílé.

Ìyá Bọ́lá, Georgia

Bàbá Ṣadé, mo ti ránṣẹ́ lóṣù yìí sà. Ẹ bi àbúrò mi léèrè bóyá ó kù.

Túndé Ẹnjiníà, Houston

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Bọ́lá, mo kí yín. Ibi tí ẹ̀yin méjèèjì kò yà sí lèmi fẹ́ yà.

Ọ̀nà omi náà kò yí padà. Òkè tí à ń gùn, ìjábọ́ kéékèèké, ìjábọ́ ńlá, gbogbo ẹ̀ ló wà bó ṣe wà. Àwọn ère oníṣẹ́-ẹ̀rọ, àwòrán ara ògiri, iná, orin àti ìtàn ni wọ́n pààrọ̀. Èmi tí mo fẹ́ràn ẹ̀rọ, n kò pàdánù nǹkan kan. Ère Tiana tó wà níbẹ̀ báyìí, bó ṣe ń yí ọrùn, bó ṣe ń ṣẹ́jú, àwọn ti àtijọ́ kò lè ṣe ìdajì ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ẹranko tó pọ̀ jù nínú Splash ti California, orí ìtàgé mìíràn ni wọ́n ti kó wọn wá. Ibì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ America Sings, tí wọ́n ṣí ní 1974, tí ẹranko ti ń kọ orin Amẹ́ríkà láti ìgbà láéláé. Nígbà tó di 1983, èrò kò fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀ mọ́. Bear Country tó wà lápá ibòmíràn náà dá páropáro. Tony Baxter, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ya páàkì fún wọn, wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lọ́nà ibi iṣẹ́ ni èrò sọ sí i lọ́kàn: kó gbé àwọn ẹranko yẹn sínú ráìdì ìtì igi, kó fi ìtàn Ehoro so wọ́n pọ̀, kó kọ́ ọ sí Bear Country. Wọ́n ti America Sings ní 1988, wọ́n kó ẹranko, wọ́n ṣí Splash ní 1989. Kódà orúkọ Splash, Michael Eisner tó jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà náà ló ní kí wọ́n lò ó, nítorí fíìmù wọn kan tó ń jẹ́ Splash tó jáde ní 1984, ìtàn obìnrin ẹlẹ́ja ni, kò kan ehoro rárá. Ráìdì tí ẹ ń pè ní ojúlówó yìí, aṣọ òkú ló wọ̀ láti ọjọ́ ìkómọ. Ẹni tó ń sunkún America Sings ní 1988 kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ò ṣe gbọ́ ohùn ẹ̀.

Ohun tó dun èmi wà ní òdìkejì ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí Magic Kingdom ní oṣù kẹwàá 1971 ni Rivers of America ti wà níbẹ̀, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, tí ọkọ̀ ojú omi alágbàá kẹ̀kẹ́ ńlá ń yí po. Ní 1973 wọ́n ṣí erékùṣù Tom Sawyer sí àárín ẹ̀, o ní láti wọ pátákó kọjá omi kí o tó débẹ̀. Oṣù keje 2025 ni wọ́n ti gbogbo ẹ̀ pa, wọ́n fẹ́ dí i kí wọ́n kọ́ ilẹ̀ ráìdì fíìmù Cars síbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe pípààrọ̀ aṣọ. Odò yẹn ni ibi kan ṣoṣo tí o ti lè jókòó nínú páàkì yẹn láìsí pé ẹnì kan ń tì ọ́ síwájú. Ọkọ̀ náà kì í yára, kì í já bọ́, kò sí ìlà gígùn. Bí ẹ bá wo ìwé ìṣirò, ẹ ó ní ilẹ̀ tó pọ̀ tó báyìí, èrò díẹ̀ ló ń lò ó, ẹ dí i. Mo mọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, irú ẹ̀ ni mò ń ṣe jẹun. Kò sí ibi tí wọ́n ń kọ ìsinmi ojú sí nínú ẹ̀.

Walt Disney fúnra ẹ̀ ní Disneyland kò ní parí láé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti fẹ́ wó nǹkan ni wọ́n máa ń rántí ọ̀rọ̀ yẹn.

Kọ́lá, Yokohama

Ẹ kú àríyànjiyàn. Ìyá Bọ́lá, ẹ má tíì ṣòkú o. Splash Mountain ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Tokyo Disneyland, láti oṣù kẹwàá 1992. Oriental Land Company ló ni páàkì yẹn, Disney kọ́. Owó àṣẹ ni wọ́n ń san fún Disney. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ nǹkan, àwọn ló máa náwó ẹ̀. Ehoro ń sọ Japanese, igún ń sọ Japanese. Wọ́n tilẹ̀ ta fíìmù náà ní kásẹ́ẹ̀tì níbí nígbà kan. Àwọn tó ń tò lẹ́yìn mi kò mọ ohun tó ń jẹ́ Georgia.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Birmingham

Alton Towers, páàkì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ni tèmi. Nemesis ni ráìdì tí ó jẹ́ kí n fẹ́ràn irin, 1994 ni wọ́n ṣí i. Àwọn ará abúlé ibẹ̀ kò fẹ́ kí nǹkan ga ju igi lọ, ni wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n fọ́ àpáta, wọ́n gbé ráìdì sínú kòtò, ẹsẹ̀ rẹ á máa fì ní ẹ̀gbẹ́ òkúta. Irin gbó. Wọ́n tì í ní oṣù kọkànlá 2022, wọ́n tú irin, wọ́n to irin tuntun sí ojú ọ̀nà kan náà, wọ́n ṣí i ní oṣù kẹta 2024, wọ́n pè é ní Nemesis Reborn. Kọ́nà tí mo mọ̀ ló ṣì ń gbà.

N kò ní ó bá ti Splash mu, nítorí kò sí ìtìjú nínú Nemesis. Àmọ́ a máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọ̀nà méjì ló wà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ tàbí kí wọ́n wó o. Ìkẹta wà, ó kàn wọ́n lówó ni.

Ìyá Bọ́lá, Georgia

Kọ́lá, ẹ ṣeun, àmọ́ kí n fò dé Tokyo kí n tó gbọ́ àlọ́ ìyá ìyá mi? Lédè Japanese?

Adùnní, ọ̀rọ̀ oyin yẹn dùn mí nínú, torí òótọ́ ni. Ibi tó sì gbé mi dé ni pé wọn kò pa ìtàn náà dáadáa rí, kí wọ́n tó ní ó bàjẹ́. Èmi kò ní kí wọ́n lé Tiana lọ o. Ẹ jẹ́ kó máa dín bẹ́nyẹ́ ẹ̀. Ilẹ̀ Disney ní Florida tóbi ju ìlú Ìkirè lọ, ẹ fún Ehoro ní ilé mìíràn, kí èèyàn dúdú jókòó síbẹ̀ kó máa pa á, kó sọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe. Ilé tí Harris gbé ní Atlanta, Wren's Nest, ti di ibi ìtàn. Ìgbà kan wà tí wọn kò jẹ́ kí èèyàn dúdú wọlé ibẹ̀. Lónìí, àwọn apàlọ́ dúdú ló ń pàlọ́ nínú ẹ̀, ẹ lọ gbọ́ wọn, ẹ ó rò pé Ọ̀ṣun lẹ wà. Eatonton náà gbé ère ehoro síwájú ilé ẹjọ́ wọn. Kò tì wọ́n lójú.

Ẹjọ́ tí mo sì ń bá ráìdì tuntun rò kò tíì tán. Mama Odie, ìyá arúgbó onídán inú fíìmù Tiana, sọ wá di kékeré, à ń wá àwọn ẹranko akọrin nínú irà, a rí wọn, a jó. Ta ló dí wa lọ́nà? Kò sẹ́nì kan. Nínú fíìmù, Facilier wà, ẹni tó ń bá òjìji ṣòwò, tí ìwọ alára á máa bẹ̀rù kí o tó sùn. Wọ́n fi í sílẹ̀ nílé. Àlọ́ tí kò ní ọ̀tá, kí la ó máa gbè sí?

Adùnní, Kissimmee

Àǹtí, Facilier wu èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò mà. Ráìdì dúdú àkọ́kọ́ tó tóbi tó yìí, kí ẹni burúkú kan ṣoṣo inú ẹ̀ wá jẹ́ ọkùnrin dúdú tó ń fi oògùn pa èèyàn lára, tí ìbòjú onígi àti agbárí kún ilé ẹ̀? Kí àwọn òyìnbó máa pariwo lórí ìtì igi nítorí juju? Àwa yìí kan náà la ó kọ́kọ́ wá síbí wá bínú. Ẹ̀yin lẹ ó tilẹ̀ ṣí ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Túndé Ẹnjiníà, Houston

Adùnní bá yín níbẹ̀ ẹ̀gbọ́n 😂

Ìyá Bọ́lá, Georgia

Ó bá mi kẹ̀? Mo níbi tí mo máa gbà. Ọ̀tá kò dandan kó jẹ́ èèyàn. Louisiana, ilẹ̀ Tiana, ni a wà! Ìjì ń jà níbẹ̀ lọ́dọọdún, omi ń wọ ilé. Ẹ jẹ́ kí ìjì máa bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ráìdì, kí òjò máa ṣú, kí odò máa kún, kí àwọn akọrin tí à ń wá wà nínú ewu, kí Tiana máa kó oúnjẹ fún àwọn tí omi lé kúrò nílé. Nígbà yẹn, bí a bá já bọ́, odò ló gbé wa. Ọ̀nà omi wà ńlẹ̀, ẹnjiníà ní kò yí padà. Kí ló kù?

Túndé Ẹnjiníà, Houston

Owó.

Ìyá Ayọ̀, Baltimore

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. A ń lọ ní ìsinmi àwọn ọmọ. Àbíkẹ́yìn mi fẹ́ wọ ti Tiana yìí, ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ṣé wọ́n á gbà á?

Adùnní, Kissimmee

Wọn kò wo ọjọ́ orí mà, gíga ni wọ́n ń wò. Ínṣì 40, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 102. Ẹ wọ̀n ọ́n nílé láìsí bàtà kó má baà sunkún níwájú ọ̀pá ìwọ̀n. Ẹni tó bá jókòó síwájú ló ń tutù jù, ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání.

Ìyá Bọ́lá, Georgia

Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ pa àlọ́ ère alátè fún un lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá máa lọ. Bí ẹ kò bá rántí orin ẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá pè yín lẹ́yìn iṣẹ́.